Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè Ohun Tí Sítóòfù Náà Ń Jẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ko-Koumolou, mo gbọ́ pé ẹ ti ń dá owó jọ láti ra sítóòfù kékeré, irú èyí tí èèyàn lè tì sínú àpò ìrìn àjò. Àwọn kan nínú yín ń lọ sí etíkun Sẹ̀mẹ̀ nígbà Kérésì, níbi tí àwọn ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá máa ń péjọ sí lọ́dọọdún ní òru ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá. Àwọn kan ń lọ sí abà, wọ́n á sì lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan nídìí iṣẹ́ oko kí wọ́n tó padà wálé. Àwọn kan ti gba yàrá sí Àjàṣẹ́ nítorí ilé ẹ̀kọ́. Ìrìn àjò yín kò dọ́gba, àmọ́ sítóòfù kan náà ni gbogbo yín ń fi hàn mí lórí fóònù: irin wẹ́wẹ́ kan báyìí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó kéré débi pé ó lè wọ inú ife. Ó wu ojú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi yín pé kí ni yóò máa jẹ, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ibi tí ẹ ń lọ, ohun ìdáná tí ẹ máa rí rà níbẹ̀ àti oúnjẹ tí ẹ fẹ́ sè ló yẹ kó yan sítóòfù fún yín. Èyí tó wà lórí fóònù yẹn, orí agolo gáàsì kékeré ni wọ́n ń yí i mọ́. Irú agolo bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ní Faransé àti ní Ìlú Ọba, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fẹsẹ̀ rin orí òkè. Èmi kò tíì rí i lórí àtẹ ní ọjà Ifangni, n kò sì rí i ní Ìgólò. Ẹ má rò pé ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Paris lè bá yín kó o bọ̀ o. Wọn kì í jẹ́ kí agolo gáàsì wọ ọkọ̀ òfurufú, ì báà jẹ́ nínú ẹrù tàbí lọ́wọ́. Orí sítóòfù nìkan ni ẹ̀gbọ́n yín lè mú wá, orí tí kò ní ara. Ẹ óò gbé irin lásán kọ́ èjìká láti Ko-Koumolou dé Sẹ̀mẹ̀.

Àwọn tó ń tà á tún máa ń yangàn pé gáàsì wọn ń jó nínú yìnyín. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí òtútù bá ti sún mọ́ ibi tí omi ti ń dì, gáàsì bútéènì kì í fẹ́ jáde nínú agolo mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ pírópéènì tó ṣì ń hó nígbà tí òtútù bá dé ìwọ̀n 42 nísàlẹ̀ òdo. Ṣé ọyẹ́ ilẹ̀ wa ti mú omi dì rí? Gáàsì tí wọ́n ń tà fún ìyá yín ń jó láti oṣù Kínní dé oṣù Kejìlá láìṣe wàhálà. Ẹ má ṣe san owó òtútù tí kò sí ní ìlú yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ọkọ̀ ni ẹ máa wọ̀, ẹ sì pọ̀. Ìgò gáàsì oníkílò 6, tí wọ́n ń yí orí ìdáná mọ́ lẹ́nu, ló bá yín mu. Pẹ̀lú irin rẹ̀, ó wúwo ju kílò 10 lọ, kò ṣeé gbé rìn jìnnà, àmọ́ inú ọkọ̀ ni yóò wà. Gíráàmù 13 sí 15 ló ń ná èèyàn láti hó omi lítà 1 bí afẹ́fẹ́ kò bá da iná láàmú, ìyẹn ni pé ìgò kan lè hó omi bíi lítà 400. Èèyàn mẹ́wàá kò lè jẹ ẹ́ tán ní ọjọ́ méjì. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ mú orí ìdáná yín dání, kí ẹ yí i mọ́ ẹnu ìgò níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ wo rọ́bà tó wà lẹ́nu rẹ̀ bóyá ó ti là. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi kùn ún yíká, kí ẹ wò ó bóyá yóò máa yọ ìfófòó. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń rá lọ, ó sì lè lúgọ sínú kòtò tàbí lábẹ́ ẹní títí ẹnì kan á fi ṣá ìṣáná.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí àwọn òyìnbó tó ṣe sítóòfù inú fóònù yẹn kò rò mọ́ ọn. Omi gbígbóná ni tiwọn. Wọ́n á hó o, wọ́n á dà á sórí oúnjẹ gbígbẹ nínú ọ̀rá, ó parí. Àwa ń ro ọkà. Ẹ wo ìyá yín bó bá wà nídìí rẹ̀: níbẹ̀rẹ̀, orógùn ń yí nínú ìkòkò wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí wàhálà. Nígbà tó bá da ìyẹ̀fun àgbàdo kejì sí i, ọkà bẹ̀rẹ̀ sí í le, orógùn kò yí lásán mọ́. Ńṣe ló ń fi gbogbo apá tì í mọ́ ara ìkòkò, ó ń fà á bọ̀, ó ń dojú rẹ̀ délẹ̀, ìkòkò náà á sì fẹ́ bá orógùn lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi igi há ìkòkò lórí ààrò, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ igi náà mọ́lẹ̀. Ẹ wá gbé ìkòkò bẹ́ẹ̀ ka ẹsẹ̀ irin mẹ́ta tí kò gùn ju ìka lọ, kí agolo tẹ́ẹ́rẹ́ sì tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lórí yanrìn. Bí orógùn bá tì í lẹ́ẹ̀kan, ọkà gbígbóná ti dà sí yín lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Iná irú sítóòfù bẹ́ẹ̀ kì í sì í tẹ́. Ojú kan ṣoṣo ló ń dójú kọ, àárín ìrẹsì yín á jóná, etí rẹ̀ kò ní jinná.

Nítorí náà, ẹ gbé ìkòkò yín dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta sítóòfù, kí ẹ sì mú orógùn lọ. Ẹ bu omi sí i, ẹ gbé e ka orí sítóòfù náà láìtàn án, kí ẹ ro omi náà bí ẹni ń ro ọkà. Bó bá ń mì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Bó bá sì jẹ́ pé òun nìkan lẹ rí, ẹ yí oúnjẹ padà: ẹ gbé gàrí, ẹ gbé ẹ̀pà, ẹ gbé ẹja gbígbẹ, kí omi híhó nìkan jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀wà kò yẹ ẹ́ rárá, àfi bí ẹ bá rẹ ẹ́ sómi mọ́jú.

Afẹ́fẹ́ òkun Sẹ̀mẹ̀ kì í sinmi. Iná tó ń jó dáadáa ní àgbàlá yín nílé máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀, yóò máa mú yanrìn gbóná, ìkòkò yóò sì wà ní tútù. Ẹ mú pákó fífẹ̀ kan lọ tí ẹ máa gbé sítóòfù lé, nítorí ẹsẹ̀ irin ń rì sínú yanrìn. Ẹ wá páànù láti fi dínà afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà bọ̀ nìkan ni kí ẹ dí. Bí agolo gáàsì bá wà nísàlẹ̀ iná gan-an, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi páànù yí i ká. Ooru tó yẹ kó lọ á padà sórí agolo. Bó bá ti kọjá ìwọ̀n 50, gáàsì inú rẹ̀ á máa wá ọ̀nà àbáyọ, ó sì lè bẹ́. Ọyẹ́ ti mú gbogbo nǹkan gbẹ nígbà Kérésì, ẹní, aṣọ, imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi ṣe àtíbàbà, àbẹ́là sì ń jó níhìn-ín lọ́hùn-ún. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ibi ìdáná yín gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí ẹ ń sùn, kí garawa yanrìn kan sì wà nítòsí.

Ó ku sítóòfù kẹrosíìnì. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ nígbà kan. Frans Wilhelm Lindqvist, ará Sweden, ló ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Primus ní 1892, èyí tí èèyàn ń fún ní afẹ́fẹ́ títí kẹrosíìnì á fi di ooru kó tó jó, tí iná rẹ̀ á máa hó ṣùù. Irú rẹ̀ ni Roald Amundsen gbé dé òpin ayé níhà gúúsù ní 1911. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àbùkù. Epo tí a ó rọ sínú rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù lónìí. Ẹ̀yin náà mọ bí epo ṣe ń gba ẹnubodè Ìgólò wọlé. Kẹ́ẹ̀gì tó gbé kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù fàyàwọ́, lánàá lè gbé kẹrosíìnì lónìí, kò sì sẹ́ni tó máa ń fọ̀ ọ́. Kẹrosíìnì kì í gbiná wẹ́rẹ́ bí kò bá gbóná tó ìwọ̀n 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru bẹntiróòlù ń gbiná nínú òtútù tó ju ti yìnyín lọ. Ẹ da díẹ̀ nínú èkejì mọ́ àkọ́kọ́, ẹ ti sọ sítóòfù di bọ́ǹbù. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 2023 kò tíì kúrò lọ́kàn wa, nígbà tí ibi tí wọ́n ń kó kpayo sí ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké gbiná, tí èèyàn tó lé ní 30 sì bá a lọ.

Mo mọ̀ pé sítóòfù kan wà tó lè jẹ kẹrosíìnì, bẹntiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì. Irú XGK tí ilé iṣẹ́ MSR ń ṣe ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹni tó ń lọ sínú aṣálẹ̀ lè fẹ́ ẹ. Ọmọ tí kò tíì tu ẹnu sítóòfù rí, kó má bẹ̀rẹ̀ lórí bẹntiróòlù. Owó kpayo kò tilẹ̀ dúró sójú kan mọ́ láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo.

Èyí tó ń jẹ ọtí líle náà wà, bíi Trangia ti Sweden. Ó fúyẹ́, kò ní ohun tó lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n sódábì, ìyẹn ògógóró tí wọ́n ń tà lójú títì, kò lè ṣe é, omi inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ọtí ilé oògùn ló ń jó dáadáa, kò sì pọ́ọ́kú. Ojú kì í rí iná rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé ó ti kú, tí wọ́n sì ń da ọtí tuntun lé e lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí abà, ẹ fi owó yín sápò. Inú igbó ọ̀pẹ ni ẹ ń lọ, ohun ìdáná ń dúró dè yín níbẹ̀: ògùṣọ̀ láti fi ran iná, igi imọ̀ gbígbẹ, èèpo ẹkùrọ́. Ẹ wá agolo tòmátì ńlá kan. Ẹ gé ojú ìlẹ̀kùn sí i nísàlẹ̀, tó lè gba ìka mẹ́ta, kí ẹ máa ti ibẹ̀ kó igi wẹ́wẹ́ wọlé. Ẹ fi ìṣó lu ihò yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká, kí ẹ tún lu òmíràn yíká ní òkè, kí ìkòkò má baà sé èémí iná. Afẹ́fẹ́ tó gba ìsàlẹ̀ wọlé ló ń mú igi jó. Èyí tó gba òkè wọlé ló ń jó èéfín tí ì bá ta yín lójú. Ẹ fi ọṣẹ kun ẹ̀yìn ìkòkò kí ẹ tó gbé e kaná, èédú ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣí kúrò wẹ́rẹ́ bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Kò sí èyí nínú gbogbo sítóòfù tí mo ti dárúkọ tó wù mí tó o fún oko. Bó bá bàjẹ́, agolo mìíràn wà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ yín ló wúwo jù lọ́kàn mi. Yàrá kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kékeré, tí ẹ tún ń tì nítorí ọyẹ́. Àdògán eléèédú ń wù yín nítorí ó dín owó kù, èyí tí wọ́n ń pè ní Nansu sì ń dín èédú kù lóòótọ́. Ìta ni kó wà. Èédú tó ti pọ́n, tí kò yọ èéfín mọ́, ló ń tú gáàsì kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì jáde, èyí tí kò ní òórùn, tí ojú kò rí. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ èèyàn, oorun á gbé e, kò sì ní jí. Inú àgọ́ ní Sẹ̀mẹ̀ kò yàtọ̀. Bí òjò bá dé bá yín nídìí àdògán, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ náà má jinná.

Bí iná bá sì jó ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ má fi epo pupa ra á, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín ra á, ẹ má fọ́ ẹyin sí i. Omi tútù ni kí ẹ máa dà sí i láìdánudúró fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.