Àsè Alẹ́ Nítorí Jẹjẹrẹ: Kí Là Ń Lọ Rà Níbẹ̀?

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí dá lórí káàdì tó ń dá awuyewuye sílẹ̀ láti ìpàdé tó kọjá. Wọ́n pè wá sí àsè alẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi kó owó jọ fún ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ. Gálà ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Kì í ṣe gálà tí àwọn ọmọ ń sáré tà nínú gósíló o! Tíkẹ́ẹ̀tì là ń rà wọlé, wọ́n sì ń ta tábìlì lódindi fún ènìyàn mẹ́wàá.

Àwọn kan ní ká fi owó ẹgbẹ́ ra tábìlì kan. Àwọn kan ní kí la fẹ́ lọ jẹ níbẹ̀ tá ò lè sè nílé. Oníṣòwò ni wá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọjà tí à ń rà.

Oúnjẹ kọ́ là ń rà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ju owó ìrẹsì àti adìẹ lọ. Èyí tó lé ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ìwádìí. Ìwádìí sì yàtọ̀ sí ìtọ́jú. Bí kòkòrò bá wọ àpò ẹ̀wà, a ó fẹ́ ẹ, a ó sá a sóòrùn, ìtọ́jú nìyẹn. Ẹni tó jókòó tó ń wá ibi tí kòkòrò gbà wọlé, ìwádìí ló ń ṣe. Ní 1983, Harald zur Hausen ní Jámánì rí kòkòrò tójú lásán ò lè rí kan, HPV, nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ jáde ní 2006, ní oṣù kẹwàá 2023 ni ìjọba Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ogójì ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa!

Ọmọ wa náà wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Ìbàdàn kó tó di ará Chicago. Ìwádìí rẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ọmú fi hàn pé ó máa ń mú àwọn obìnrin wa nígbà tí ọjọ́ orí wọn ṣì kéré, àti pé irú èyí tó le, tí àwọn oògùn kan kì í ràn, wọ́pọ̀ lára wa. Bó bá jẹ́ òyìnbó nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ta ni ì bá mọ̀? Nítorí náà, ìbéèrè kìíní fún ẹni tó mú káàdì wá: ta ló ń ṣe ìwádìí náà, ṣé àwọn obìnrin bíi tiwa sì wà nínú rẹ̀? Ìkejì: ta ló ń yẹ ìwé owó wọn wò? A ti lọ síbi kan rí, wọ́n pe owó lórí ẹ̀rọ títí, a pàtẹ́wọ́ títí, a ò gbọ́ ibi tó wọlé sí dòní.

Ní ti gbọ̀ngàn, ìró àti bùbá ti tó, ṣùgbọ́n kí gèlè má ga débi pé ẹni ẹ̀yìn ò ní ríwájú. Nọ́ńbà wà lórí tábìlì, ibi tí wọ́n bá kọ fún yín ni kí ẹ jókòó. Ẹ má náwó lé olórin lórí. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 kọ̀ ọ́. Ẹ má sì gbé ike oúnjẹ lọ, ẹ̀yin tí à ń bá wí mọ ara yín.

Gbàǹjo ló le jù. Gbàǹjo tiwa, owó ń wálẹ̀ ni; tiwọn, òkè ló ń lọ. Ẹni tó bá nawọ́ ti dá iye lé ọjà nìyẹn, torí náà ẹ má nawọ́ kí ọ̀rẹ́ o! Bó bá já mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ó san án. Ìlérí náà ńkọ́? Iye tí ẹ lè san lọ́la ni kí ẹ pè.

Ní tiwa tí à ń kọ̀wé yìí, ká má fọwọ́ kan àpò aláìsàn. Ẹnìkan wa ṣì ń gba ìtọ́jú látinú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó dá tirẹ̀ fún akápò. Bí a bá pé mẹ́wàá, a ó ra tábìlì lórúkọ ẹgbẹ́. A ó ti bi wọ́n ní ìbéèrè méjèèjì, a ó sì ka ìdáhùn wọn ní ìpàdé Ọjọ́bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀.