Ta Ni Wọ́n Pa? Ibo Ni Wọ́n Pa Á Sí?

Bí wọ́n bá pa ènìyàn, tí a kò rí ẹni tó pa á, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó mọ iṣẹ́ wọn máa ń kọ́kọ́ wádìí ẹni tó kú. Irú ènìyàn wo ni? Ibo ló máa ń gbà lọ, ibo ló ń gbà bọ̀? Wọn kò fẹ́ dá olóògbé lẹ́bi o. Bí òun àti apànìyàn ṣe pàdé ni wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ ká wo London lọ́dún 1888. Ní Whitechapel, àdúgbò àwọn tálákà, àti ní àyíká rẹ̀, ẹnìkan ń fi ọ̀bẹ pa àwọn obìnrin. Catherine Eddowes wà lára wọn. Lálẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, ọtí pa á lójú pópó, ọlọ́pàá sì mú un lọ sí àgọ́. Ní nǹkan bí aago kan òru, ọtí ti dá lójú rẹ̀, wọ́n tú u sílẹ̀. Kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi rí òkú rẹ̀ ní Mitre Square.

Ẹ rò ó wò. Ta ló lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé aago kan ni wọ́n máa tú u sílẹ̀? Ó jọ pé apànìyàn náà kò lúgọ dè é. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ni.

Apànìyàn náà gé lára aṣọ tí Catherine so mọ́ iwájú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, ọlọ́pàá kan rí ègé aṣọ náà, tòun tẹ̀jẹ̀, ní Goulston Street. Apá Whitechapel ló sá padà sí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọlọ́pàá ti kún ibẹ̀, torí wọ́n ti pa obìnrin mìíràn lóru kan náà. Ó ṣeé ṣe kí ilé rẹ̀ má jìnnà.

Wọ́n tún rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri níbẹ̀, tó dá lórí àwọn Júù. Ọ̀gá ọlọ́pàá, Charles Warren, ń bẹ̀rù kí ìjà má bẹ́. Ó ní kí wọ́n nù ún. Wọn kò ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ̀rù náà tó bà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, wọn ì bá fi aṣọ bò ó títí ayàfọ́tò yóò fi dé.

Ní oṣù Kọkànlá, dókítà Thomas Bond ka àkọsílẹ̀ nípa òkú mẹ́rin lára àwọn obìnrin náà, ó sì fúnra rẹ̀ yẹ ìkarùn-ún wò. Ó wo bí ọ̀bẹ ṣe gé wọn, ó ní apànìyàn náà kò tilẹ̀ mọ ẹran gé tó alápatà. Ó ní yóò lágbára, àmọ́ ó lè jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tó ń múra dáadáa. Bond tún ní àwọn tó sún mọ́ ọkùnrin náà lè máa fura sí i, kí wọ́n má fẹ́ sọ fún ọlọ́pàá, torí wàhálà. Wọn kò rí i mú títí dòní.