Ọmọ-iṣẹ́ Bẹ́sálẹ́lì ní Woliwo

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 35:30–35, 1 Sámúẹ́lì 13:19–22

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtìjú ara mi. Nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní Onitsha, àdúgbò Woliwo ni mo ń gbé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí mo rà ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó dákẹ́. Èmi tí mo gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ tú u palẹ̀, mo tò ó padà. Ó ṣì dákẹ́. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara jẹnẹrétọ̀. Ọ̀gá kò sí níbẹ̀. Ọmọdékùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ló fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ́tí sí i, ó tú kabúrétọ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ihò kan, ó ní kí n fà á wò. Ó dún.

Mo bi í pé èló ni àwọn òbí rẹ̀ san kí ó tó dé ibẹ̀. Wọn kò san kọ́bọ̀. Ọ̀gá ló ń bọ́ ọ, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ń sùn, bí ó bá sì sìn tán, ọ̀gá ni yóò fún un lówó tí yóò fi dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Igba-boi ni àwọn Ìgbò ń pè é. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí ló ń sanwó fún ọ̀gá, bí ọjọ́ bá sì pé, ọmọ yóò tún náwó ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Innocent Chukwuma tó ń ṣe mọ́tò Innoson ní Nnewi, ìdí òwò ẹ̀yà ara alùpùpù ló ti bẹ̀rẹ̀ kí Ààrẹ Jonathan tó wá ṣí ilé-iṣẹ́ mọ́tò rẹ̀ ní 2010.

Ṣùgbọ́n ìtìjú tí mo wí kò tíì dé. Mẹkáníìkì ni bàbá mi ní Ìbàdàn. Ó máa ń búra pé ọmọ òun kankan kò ní fọwọ́ kan sípánà. Nínú fọ́ọ̀mù tí mo kọ nígbà tí mo wọ fẹ́lóṣíìpù wa, níwájú iṣẹ́ bàbá, "oníṣòwò" ni mo kọ.

Láti 1986 ni Nàìjíríà ti ní ìlànà àkọ́kọ́ lórí sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ètò ìjọba kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ohun tí a ń bọlá fún nílé ló ń wọ inú rẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ ọba. Ẹni tó jáde ní yunifásítì ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 8, ẹni tó gba HND ní pólì ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 7, ọ̀pọ̀ ọdún ni kò sì fi lè kọjá ìpele 14. Bẹ́ẹ̀ torí kí a lè rí àwọn tí yóò fọwọ́ ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ la ṣe dá pólì sílẹ̀! Ta ló kọ́ ìjọba ní èyí? Èmi tí mo pe mẹkáníìkì ní oníṣòwò wà lára wọn.

Òfin Startup tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá 2022 dára, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ mọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ dígítà. Ọ̀gá tó wà ní Woliwo, tí àdéhùn ẹnu lásán wà láàárín òun àti ẹbí ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀, kò sí nínú ìwé yẹn. Ní Jámánì, láti 1969 ni òfin ti wà lórí bí ọ̀gá yóò ṣe kọ́ ọmọ-iṣẹ́ àti ìdánwò tí ọmọ náà yóò ṣe. Láti 2012, ìpele kan náà ni wọ́n ka ìwé ẹ̀rí ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, Meister, àti oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì sí. Ọ̀wọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ti wà nílùú wọn tipẹ́tipẹ́ kí òfin tó dé bá a.

Ẹ padà sí 1 Sámúẹ́lì 13. Àwọn Filísítínì mọ̀ọ́mọ̀ rí i pé kò sí alágbẹ̀dẹ ní Ísírẹ́lì. Ìlànà ìjọba nìyẹn o, ìlànà ọ̀tá. Àgbẹ̀ Ísírẹ́lì ń rìn lọ sọ́dọ̀ ọ̀tá láti pọ́n ohun ìtúlẹ̀ rẹ̀, ó sì ń sanwó. Nígbà tí ogun dé, ọwọ́ Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì nìkan ni idà wà. Àwa kò nílò Filísítínì kankan láti lé alágbẹ̀dẹ wa. Ìtìjú ti bá wọn ṣe é.

Nínú Ẹ́kísódù 35, Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún Bẹ́sálẹ́lì fún iṣẹ́ wúrà, òkúta àti igi. Ẹsẹ 34 ni mo máa ń fò tẹ́lẹ̀: Ọlọ́run tún fi sí i lọ́kàn, òun àti Óhólíábù, láti kọ́ ẹlòmíràn. Kíkọ́ni wà nínú ẹ̀bùn náà. Ohun tí mo rí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn nìyẹn, bí ọ̀gá náà tilẹ̀ lè má mọ orúkọ Bẹ́sálẹ́lì.

N kò sọ pé igba-boi kò lábùkù. Mo gbọ́ nípa ọmọ kan ládùúgbò náà tí ọ̀gá rẹ̀ lé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nígbà tó kù díẹ̀ kí ó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó jalè. Bóyá ó jí i, bóyá kò jí i, kò ní ìwé àdéhùn kankan lọ́wọ́. Jákọ́bù sin Lábánì fún ogún ọdún, ó sì ráhùn pé ó yí owó ọ̀yà òun padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá (Gẹ́nẹ́sísì 31:41). Ibí gan-an ló yẹ kí òfin ti wọlé: kí ó kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ó fún ọmọ ní ìwé ẹ̀rí tí báǹkì àti iléeṣẹ́ ọba yóò kà sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìmọ̀ òfin láàárín wa, iṣẹ́ yín rèé.

Lálẹ́ ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ mi dún, mo pe bàbá mi. Mo ní tí mo bá dé Ìbàdàn, kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ́ mi ní iṣẹ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá bi mí bóyá wọ́n ti lé mi níbi tí mo ti ń sìnlú ni.