Oògùn Amúnijí Tí Wọ́n Ní Òfin Kò Dè

Òǹkàwé kan ní Òmùpo, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, bá ìyẹ̀fun funfun nínú àpò ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. A kọ ọ́ sára ọ̀rá náà pé ìwádìí ni ó wà fún, kì í ṣe fún jíjẹ. Ọmọ náà ní òun fi ń kàwé mọ́jú ni, àti pé òfin kò dè é. Òbí fẹ́ mọ̀ bóyá ó yàtọ̀ sí obì tí àwọn awakọ̀ fi ń lé oorun.

Ó yàtọ̀ púpọ̀. Bí àárẹ̀ ti ń pọ̀ ni ohun kan tí ń jẹ́ adenosine ń kó jọ nínú ọpọlọ, tí oorun fi ń kunni. Káféènì inú obì a gba ipò rẹ̀, oorun a sì pẹ́ kí ó tó dé. Oògùn amúnijí àtọwọ́dá, ìyẹn èyí tí a fi kẹ́míkà pò, kò mọ níbẹ̀. Dopamine, tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ ìdùnnú síra wọn, àti noradrenaline, tí ń mú ọkàn sáré tí ó sì ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ni ó ń dà rú. Sẹ́ẹ̀lì tí ó tú wọn síta ni ó yẹ kí ó fà wọ́n padà. Kokéènì àti MDPV, ọ̀kan nínú àwọn oògùn àtọwọ́dá náà, a ti ilẹ̀kùn ìpadàbọ̀ yẹn pa, ṣùgbọ́n methamphetamine, tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ sí áìsì tàbí mkpuru mmiri, àti mephedrone, tí òun náà jẹ́ oògùn àtọwọ́dá, a yí ilẹ̀kùn náà sódì, tí ohun tí ó wà nínú ilé yóò fi máa tú jáde. Bíi wákàtí 1 ni ìdajì kokéènì fi ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀; ti methamphetamine ń gba wákàtí 10 sí 12.

Ti òfin ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò fínnífínní, nítorí pé orí rẹ̀ ni òwò náà dúró lé. Ọdún 1929 ni a ti kọ́kọ́ pò mephedrone, a sì gbàgbé rẹ̀ fún ohun tí ó lé ní àádọ́rin ọdún kí ó tó di ọjà ní Yúróòpù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn ni wọ́n pè é lórí ọ̀rá, títí ìjọba fi fòfin dè é ní oṣù kẹrin ọdún 2010. Àwọn tí ń pò ó a yí átọ́ọ̀mù kan tàbí méjì padà, kẹ́míkà tuntun a jáde, òfin a sì tún máa lé e kiri, àfi ìgbà tí òfin ọdún 2016 de gbogbo ohun tí ó bá ń yí ọpọlọ padà, tí ó yọ ọtí, tábà àti káféènì sílẹ̀ (obì bọ́ nìyẹn). Ní Nàìjíríà, òfin àjọ NDLEA, tí ń gbógun ti oògùn olóró, ti ọdún 1989 dárúkọ kokéènì àti heroin, ó sì fi oògùn mìíràn tí ó bá jọ wọ́n kún un. Òfin ọdún 1993 sì ní a kò gbọdọ̀ ta oògùn tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọgbọ́n àtisá fún irú òfin bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn "kì í ṣe fún jíjẹ", kì í ṣe pé ẹni tí ó kọ ọ́ ń ṣàánú ẹnikẹ́ni.

A kò dán irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ wò lára ènìyàn, nítorí náà kò sí ẹni tí ó mọ ìwọ̀n tí kò ní pani, ohun tí ó wà nínú ọ̀rá sì lè yàtọ̀ sí orúkọ tí a kọ sí i. Ara lè gbóná kọjá ààlà títí kíndìnrín yóò fi bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè ru débi rọpárọsẹ̀, ọkàn sì lè máa lù ségesège. Bí àìsùn bá di ọjọ́ mélòó kan, ẹni náà lè máa gbóhùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kí ó sì gbà pé wọ́n ń lépa òun. Àwọn ẹbí a ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n a sì gbé e lọ sí ilé àdúrà nígbà tí oògùn ṣì wà lára rẹ̀. Bí ó bá tún fi tramadol lé e, gìrì kò jìnnà, nítorí pé tramadol nìkan pàápàá lè fa gìrì.

Bí ara bá ń jó bí iná, tí àyà ń dunni tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já gaara mọ́, kí a fi omi tútù tu ara, kí a gbé ọmọ náà lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá, kí a sì mú ọ̀rá náà dání fún dókítà. Kò sí oògùn kan pàtó tí ń pa oró yìí. Oògùn bíi diazepam ni dókítà fi ń mú kí ara balẹ̀. Kí a má dè é mọ́lẹ̀ o, nítorí pé ìjàkadì pẹ̀lú okùn a tún máa dá kún ooru ara. Bí kò bá sí pàjáwìrì, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin ni ó yẹ kí òbí mú un lọ.