ÀYÀNMỌ́ NI, TÀBÍ ÌGBÉRAGA?

Ẹsẹ Àkọ́sórí: Òwe 16:18. Kà á nínú Bíbélì rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, kí o sì há a sórí kí o tó jáde nílé.

Bíbélì Kíkà: 2 Samuẹli 12:1-14

Olùfẹ́ nínú Olúwa, ó ṣeé ṣe kí o ti ka eré Ọlá Rótìmí tí ó pè ní The Gods Are Not to Blame nígbà tí o wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1968, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1971. Ìtàn Ọba Oedipus, tí Sophocles ará Gíríìkì kọ ṣáájú ìgbà tí a bí Jésù, ni Rótìmí mú, tí ó sì gbé e wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú wa kà á nítorí ìdánwò. Lónìí, jẹ́ kí a fi yẹ ọkàn ara wa wò.

Rántí ìtàn náà. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan fún Ọba Adétùsà àti Ọjúọlá ayaba ní ìlú Kútùjẹ́. Baba Fákúnlé, aríran, sọ pé ọmọ náà yóò pa baba rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n ní kí Gbọ̀nká gbé e lọ sínú igbó kí ó lọ kú, ṣùgbọ́n kò kú. Ọdẹ kan ló tọ́ ọ dàgbà ní ìlú mìíràn, orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́ Ọdẹ́wálé. Nígbà tí òun náà gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ yìí, ó sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ó rò pé wọ́n jẹ́ òbí rẹ̀, kí ó má baà ṣe ibi náà. Ibi tí ó sá lọ gan-an ni ó ti lọ bá a.

Ọdẹ́wálé kì í ṣe ènìyàn burúkú o! Akíkanjú ni. Nígbà tí àwọn ọ̀tá láti Ìkọ̀lù gbógun ti Kútùjẹ́, òun ló kó àwọn ará ìlú jọ, tí wọ́n fi ṣẹ́gun. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ àlejò, wọ́n fi í jọba. Nígbà tí àìsàn bo ìlú mọ́lẹ̀, ó ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti lọ wá ewé sè fún àwọn aláìsàn. Níbo wá ni irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ti ṣubú?

Èkínní, ó ṣubú ní oko iṣu. Ó ti ra ilẹ̀ ní Ẹdẹ, ó ń dáko jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Àgbàlagbà kan àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ń wa iṣu inú oko náà. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Nígbà tí àgbàlagbà náà wá fi ibi tí Ọdẹ́wálé ti wá bú u, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó fi ọkọ́ lu ọkùnrin náà pa. Baba tí ó bí i lọ́mọ ni! Jọ̀wọ́ rò ó wò: ẹni tí a ti kìlọ̀ fún pé yóò pa baba rẹ̀, ṣé ó yẹ kí ó gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni tí ó tó baba rẹ̀ bí? Àsọtẹ́lẹ̀ ti wà nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ Ọdẹ́wálé ni ó di ọkọ́ mú.

Èkejì, ó ṣubú ní ààfin. Ó ti búra ní gbangba pé òun yóò wá ẹni tí ó pa Ọba Adétùsà rí, òun yóò sì fìyà jẹ ẹ́. Wọ́n pe Baba Fákúnlé, bàbá náà sì sọ fún un pé òun gan-an ni apànìyàn náà. Kí ni ọba ṣe? Kò béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ó ní wọ́n ti fún bàbá náà ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní Adérópò ń wá oyè òun. Àbúrò rẹ̀ ni Adérópò, ṣùgbọ́n kò mọ̀. Gbogbo ẹni tí ó súnmọ́ ọn di ọ̀tá lójú rẹ̀, nítorí pé kò lè gbà pé ẹ̀bi lè wà lọ́dọ̀ òun.

Nísinsin yìí, wo Dafidi. Òun náà jẹ́ akíkanjú. Òun náà jẹ́ ọba. Òun náà ti pa ènìyàn, ó sì ti gba aya rẹ̀, ó sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Natani wọlé tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ìtàn ọkùnrin olówó tí ó gba ọ̀dọ́-àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní. Inú bí Dafidi, ó dá ẹjọ́ ikú fún ọkùnrin náà. Gẹ́gẹ́ bí Ọdẹ́wálé, ara rẹ̀ ni ó ń dá lẹ́jọ́! Natani sì sọ fún un pé òun gan-an ni ọkùnrin náà.

Ibí yìí ni ọ̀nà àwọn ọba méjèèjì ti pínyà. Dafidi ní agbára láti ti Natani mọ́lé. Ó lè ní Joabu ni ó rán an wá. Ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti ṣẹ̀ sí Olúwa. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní àbájáde tí ó korò, ọmọ náà kú, idà kò sì kúrò ní ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run dárí jì í, ó sì yè.

Ní ìparí eré náà, Ọdẹ́wálé pẹ̀lú jẹ́wọ́. Kò gbà kí àwọn ará ìlú di ẹ̀bi ru àwọn òrìṣà. Ó ní àìlera òun ni. Ìjẹ́wọ́ náà dára, ṣùgbọ́n nígbà náà Ọjúọlá ti pa ara rẹ̀, Ọdẹ́wálé sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ojú ara rẹ̀.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àyànmọ́ kò gbóògùn. Ará mi, kì í ṣe bí Ọlọ́run wa ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó fún Ninefe ní ogójì ọjọ́. Wọ́n ronú pìwà dà, ìlú kò parun mọ́ (Jona 3). Ó sọ fún Hesekiah pé yóò kú. Ó sunkún, ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọjọ́ rẹ̀ (Isaiah 38). Ó fún Nebukadnessari ní oṣù méjìlá lẹ́yìn ìkìlọ̀ Daniẹli. Ó ń fọ́nnu síbẹ̀, ó sì jẹ koríko bí màlúù (Daniẹli 4). Bí Ọlọ́run bá kìlọ̀ fún ọ, ó fẹ́ kí o yè ni!

Mi ò ní kí o lọ wádìí ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ babaláwo o. Deuteronomi 18:10-12 kọ̀ ọ́ fún wa. Ohun tí mò ń béèrè ni pé, ta ni Natani tìrẹ? Ṣé ìyàwó rẹ ni, tí ó ń sọ fún ọ pé ìbínú rẹ ń lé àwọn ọmọ sá? Ṣé dókítà ni, tí ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru? Ṣé ọmọ iṣẹ́ rẹ ni, tí ó fi ọ̀wọ̀ sọ pé ìṣirò owó yìí kò pé? Kí ni o sọ fún wọn? Ṣé o ní ta ló rán wọn sí ọ? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi òru gba àdúrà lòdì sí ọ̀tá ilé bàbá, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnu ẹni tí ó fẹ́ràn wọn ni ìdáhùn àdúrà náà wà.

Mo gbàdúrà fún ọ lónìí: ìkìlọ̀ tí yóò gbà ọ́ là kò ní dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀tá ní etí rẹ, ní orúkọ Jésù.

Ìgbésẹ̀ Òní: Rántí ẹnì kan tí o bínú sí nítorí pé ó sọ òtítọ́ fún ọ. Lọ bá a kí ilẹ̀ tó ṣú. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì bi í pé kí ni ó rí.

Kókó Àdúrà:
1. Baba, mo dúpẹ́ pé o kìlọ̀ fún mi kí o tó dá mi lẹ́jọ́.
2. Olúwa, fa gbòǹgbò ìgbéraga àti ìbínú tu nínú ayé mi.
3. Baba, fún mi ní etí tí ń gbọ́ àti ẹnu tí ń jẹ́wọ́, kí ó tó pẹ́ jù.