Àkàyé Èdè Gẹ̀ẹ́sì Nínú Ìdánwò Àbáwọlé: Inú Àyọkà Ni Ìdáhùn Wà

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò àbáwọlé sí yunifásítì kò gbọdọ̀ dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò kí ó tó kọ́ bí a ti ń kàwé ní àkàyé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìdánwò náà ń wáyé lọ́dún. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá tó, ọdún kan gbáko ni yóò fi dúró kí ó tó lè tún un ṣe. Ọdún kan yìí kì í ṣe nǹkan kékeré lójú ìyá tí ó ń fi gàrí títà rán ọmọ níwèé, tàbí lójú bàbá tí owó kòkó rẹ̀ ń bá owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ.

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí a fi ń dán àwọn ọmọ wò, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Dandan ni fún ẹni tí yóò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, dandan ni fún ẹni tí yóò kọ́ òfin tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀, dandan sì ni fún ẹni tí yóò kọ́ èdè Yorùbá pàápàá. Apá kan nínú rẹ̀ tí ó máa ń já ọ̀pọ̀lọpọ̀ láyà ni àkàyé, èyíinì ni kí a ka àyọkà kan, kí a sì dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni apá yìí gan-an ni ìdánwò ti gbé ìdáhùn ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ó kù ni kí ó mọ bí yóò ti rí i.

BÍ ÌDÁNWÒ NÁÀ TI RÍ

Àjọ tí ó ń ṣe ètò ìdánwò yìí ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí JAMB. Ọdún 1978 ni ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe ètò ìgbaniwọlé tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe: èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti mẹ́ta mìíràn tí ó bá ohun tí ó fẹ́ lọ kọ́ mu. Ìbéèrè 60 ni ó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40 ni ó sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 180. Wákàtí 2 ni a fi ń dáhùn gbogbo rẹ̀. Bí a bá pín wákàtí 2 náà dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Máàkì 100 ni ti ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ sì jẹ́ 400; nítorí náà ìdá mẹ́rin gbogbo máàkì ni ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan.

Nínú ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti ìlò gbólóhùn, àwọn kan wà lórí bí a ti ń pe ọ̀rọ̀, àwọn kan sì wà lórí ìwé ìtàn tí àjọ náà bá yàn. Ìwé tí wọ́n yàn fún ìdánwò ọdún 2025 ni The Lekki Headmaster, tí Kabir Alabi Garba kọ. Láti ilé ni a ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní rí i níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ ìdánwò. Ṣùgbọ́n ti àyọkà àkàyé yàtọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i, yóò sì wà níwájú rẹ̀ títí yóò fi dáhùn tán. Kò sí ẹni tí ó lè há a sórí, kò sì sí ìdí tí ó fi yẹ kí a há a sórí.

OHUN TÍ Ó MÁA Ń FA ÌKÙNÀ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó nìkan ni ó ń mú ọmọ kùnà nínú àkàyé. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe mẹ́ta mìíràn wà tí ó máa ń mú ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa pàápàá.

Èkíní ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dáhùn dípò ohun tí àyọkà sọ. Èkejì ni pé kí ó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí kò fi ní mọ ibi tí gbólóhùn ń lọ. Ẹ̀kẹta ni pé kí ó bá ọ̀rọ̀ kan tí kò mọ̀ pàdé, kí àyà rẹ̀ já, kí ó sì dúró sí ojú kan náà títí àkókò yóò fi lọ.

ÀPẸẸRẸ KAN

Àpẹẹrẹ tí ó tẹ̀lé e yìí wà ní èdè Yorùbá kí gbogbo ará ilé lè fọkàn bá a lọ, nítorí ọgbọ́n àkàyé kan náà ni a ń lò ní èdè gbogbo.

“Odò kan ṣoṣo ni àwọn ará abúlé kan ń pọn. Nígbà tí ìjọba gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wọn sí ẹ̀bá ọjà, inú gbogbo ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn obìnrin mélòó kan tún padà sí odò. Kì í ṣe pé omi kànga náà kò dára. Òkè abúlé ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ń gbé, ọ̀nà ọjà sì jìn sí wọn ju ọ̀nà odò lọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ abúlé gbọ́ èyí, wọn kò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó tí wọn yóò fi gbẹ́ kànga kejì.”

Ìbéèrè kìíní: Kí ni ó mú kí àwọn obìnrin kan padà sí odò? (A) Omi kànga náà kò dára. (B) Ẹ̀rọ kànga náà ti bàjẹ́. (C) Ilé wọn jìnnà sí kànga náà. (D) Omi odò dùn ju ti kànga lọ.

Ẹni tí ó ń kánjú yóò mú A, nítorí ó rí ọ̀rọ̀ náà gan-an nínú àyọkà: “omi kànga náà kò dára.” Ṣùgbọ́n kò kíyè sí “kì í ṣe pé” tí ó ṣáájú rẹ̀, èyí tí ó yí gbogbo ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹlòmíràn yóò mú B, nítorí ó ti rí ẹ̀rọ kànga tí ó bàjẹ́ ní abúlé tirẹ̀. Ohun tí ó rí lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí àyọkà yìí ti sọ ọ́. D náà kò sí nínú àyọkà. C ni ìdáhùn. Ẹ kíyè sí i pé C kò lo ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú àyọkà; ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Báyìí ni àwọn tí ń ṣe ìdánwò sábà máa ń ṣe é: wọn a fi ọ̀rọ̀ mìíràn wọ ìdáhùn tí ó tọ̀nà láṣọ, wọn a sì fi ọ̀rọ̀ inú àyọkà ṣe èyí tí kò tọ̀nà lọ́ṣọ̀ọ́.

Ìbéèrè kejì: Níbo ni ó ṣeé ṣe jù lọ kí ìgbìmọ̀ náà gbẹ́ kànga kejì sí? Àyọkà kò dárúkọ ibẹ̀. Síbẹ̀ ìdáhùn wà: òkè abúlé ni, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tí ọ̀nà jìn sí ń gbé. Irú ìbéèrè yìí ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ láti rí ẹ̀kẹta. Kò fún un láyè láti máa rò kọjá ohun tí ó kà.

Ìbéèrè kẹta: Orúkọ wo ni ó bá àyọkà yìí mu jù lọ? “Odò Abúlé” kéré jù, nítorí ó fi ọ̀rọ̀ kànga sílẹ̀. “Omi Mímu ní Ilẹ̀ Nàìjíríà” fẹ̀ jù, nítorí abúlé kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà kàn. “Kànga Kan Kò Tó” ni ó gba gbogbo ìtàn náà mọ́ra. Orúkọ tí ó tọ́ kì í fún àyọkà, kì í sì í ṣò ó.

Ọ̀RỌ̀ KÉKERÉ TÍ Ó Ń YÍ ÌTUMỌ̀ PADÀ

Bí “kì í ṣe pé” ti ṣe nínú àpẹẹrẹ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ṣe wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. “But” àti “however” fi hàn pé ọ̀rọ̀ fẹ́ yà kúrò ní ọ̀nà tí ó ń tọ̀ bọ̀. “Although” jẹ́ “bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé”. “Unless” jẹ́ “àfi bí”. “Except” jẹ́ “àyàfi”. Bí ìbéèrè fúnra rẹ̀ bá ní “not” nínú, ìdáhùn tí àyọkà kò fara mọ́ ni wọ́n ń wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti mọ ìdáhùn tán tí ó sì pàdánù máàkì nítorí pé ojú rẹ̀ fo ẹyọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń ṣi ọmọ Yorùbá lọ́nà ni “hardly”. Nítorí pé ó mọ “hard” sí ohun tí ó le, ó lè rò pé “he hardly works” ni pé ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ kára. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni: agbára káká ni ọkùnrin náà fi ń ṣiṣẹ́ rárá. “Few” àti “a few” náà kì í ṣe ọ̀kan. “Few came” ń ráhùn pé àwọn tí ó wá kò pọ̀; “a few came” ń sọ pé àwọn díẹ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ kan sì lè ní ìtumọ̀ púpọ̀. Ọmọ mọ “address” sí ibi tí a ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá kà pé olórí ìlú “addressed the farmers”, kò sí lẹ́tà níbẹ̀: ó bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Nítorí náà, bí ìbéèrè bá ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ padà sí gbólóhùn tí ó wà, kí ó fi ìdáhùn kọ̀ọ̀kan rọ́pò rẹ̀, kí ó sì kà á wò. Èyí tí kò ba ìtumọ̀ gbólóhùn náà jẹ́ ni kí ó mú. Ọgbọ́n kan náà ni yóò lò fún ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Gbólóhùn tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e sábà máa ń tanná sí i.

BÍ A TI Ń MÚRA SÍLẸ̀

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà sàn ju kí a má sùn fún ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ka ìwé ìròyìn, ìtàn, àti ìwé lórí ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí àyọkà yóò dá lé. Kí ó ka àyọkà kan tán láìdúró lórí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Kí ó sọ ohun tí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan wí ní gbólóhùn kan. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ tuntun pẹ̀lú gbólóhùn tí ó ti bá a pàdé.

Bí ó bá ń fi ìbéèrè ọdún àtijọ́ dán ara rẹ̀ wò, kí ó kọ́kọ́ wo àwọn ìbéèrè láìwo ìdáhùn tí ó wà lábẹ́ wọn, kí ó mọ ohun tí yóò wá. Kí ó ka àyọkà, kí ó sì fi ìka tọ́ka sí gbólóhùn tí ó ti rí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn tí kò bá rí ibi tọ́ka sí, orí ara rẹ̀ ni ó ti mú un wá. Nígbà tí èyí bá ti mọ́ ọn lára ni kí ó tó gbé aago ka iwájú.

Kọ̀ǹpútà ni a fi ń ṣe ìdánwò yìí. Kí ọmọ tí kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí má bẹ̀rù. Lẹ́tà mẹ́jọ péré ni ó lè fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà: A, B, C àti D láti yan ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tí ó kàn, P láti padà sí èyí tí ó kọjá, R láti yí ìpinnu padà, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ó bá parí. Ìbéèrè tí ó bá takú, kí ó fò ó, kí ó sì padà sí i bí àyè bá ṣẹ́kù.

IPA TI ÒBÍ

Òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá lè kọ́ ọmọ rẹ̀ ní àkàyé. Ní alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó pe ọmọ kí ó sọ fún òun ní èdè Yorùbá ohun tí ó kà lónìí. Kí ó bi í pé: Ta ni? Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Kí ló fà á? Níbo ni ìwé ti sọ bẹ́ẹ̀? Bí ọmọ bá lè rò ó kí ìyá rẹ̀ sì gbọ́ ọ yé, ó ti yé òun náà. Bí ó bá ń kọ́lọ̀, kí ó padà lọ kà á. Ìbéèrè ìgbẹ̀yìn yìí, “níbo ni ìwé ti sọ bẹ́ẹ̀?”, ni òpó tí gbogbo àkàyé dúró lé.

Kí òbí dín iṣẹ́ ilé kù fún ọmọ, lọ́mọkùnrin àti lóbìnrin, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà. Kí ó sì má ṣe kó owó fún àwọn tí ń sọ pé àwọn yóò ta ìbéèrè fún òun. Ẹni tí a bá mú nínú irú màgòmágó bẹ́ẹ̀, èsì ìdánwò rẹ̀ lè di ohun tí a fagi lé, owó ti lọ, ọdún náà sì ti lọ.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àyọkà yóò wà níwájú ọmọ ní ọjọ́ náà, ìdáhùn yóò sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi sùúrù kọ́ bí a ti ń wá a láti ilé ni yóò rí i.