Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ÀÌSÀN ỌKÀN ÀTI Ẹ̀JẸ̀ RÍRU

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa àìsàn kan tí ń kún ibùsùn ilé ìwòsàn wa, tí ó sì ń mú baálé ilé, ìyá ọmọ àti oníṣòwò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí agbára wọn ṣì pọ̀. Àìsàn náà ni ti ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀. A pín ẹ̀kọ́ náà sí ọ̀nà márùn-ún, a sì fi ìbéèrè sí ìparí rẹ̀, kí ó lè rọrùn fún àwọn tí yóò kà á nínú ilé tàbí nínú ẹgbẹ́.

I. IṢẸ́ ỌKÀN

Ọkàn tí a ń sọ níhìn-ín ni èyí tí ń lù ní àyà. Ó tóbi tó ìkúùkù ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ sínú iṣan, kí ẹ̀jẹ̀ náà lè dé ọpọlọ, kíndìnrín, ẹsẹ̀ àti gbogbo ara, kí ó sì tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Tọ̀sán tòru ni ó ń ṣe é, kò sì ní ọjọ́ ìsinmi. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi agbára tí ó ju bí ó ti yẹ lọ ti ògiri iṣan nígbà gbogbo, èyí ni à ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ wo ọkùnrin tí ń ti ọmọlanke omi kiri ní Ajégúnlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tí ó sì tẹ́jú, iṣẹ́ náà kò ni í lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ inú ẹrẹ̀ ni ó ń tì í lójoojúmọ́, apá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ nípọn sí i, ẹni tí ó bá rí i yóò sì rò pé ara rẹ̀ le. Nígbà tí ó bá pẹ́, àárẹ̀ yóò mú un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkàn tí ń ti ẹ̀jẹ̀ lòdì sí agbára tí ó pọ̀jù. Ẹran ara rẹ̀ a nípọn, a gan, lẹ́yìn náà a sì rọ. Nígbà náà ni omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀, èémí yóò sì kúrú. Ìgbà yìí gan-an ni àwọn ènìyàn wa sábà máa ń dé ilé ìwòsàn.

II. ÀWỌN TÍ A Ń DÁ DÚRÓ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN

Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú àwọn tí a ń gbà sí ilé ìwòsàn nítorí àárẹ̀ ọkàn ni àwọn àgbàlagbà tí ó ti lé ní 70 ọdún. Ohun tí ó sì sábà máa ń fà á níbẹ̀ ni pé iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀ ti dí. Ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Láti 2007 títí di 2010, àwọn oníṣègùn kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 1,006 jọ ní ilé ìwòsàn ńlá 12 nínú orílẹ̀-èdè Áfíríkà 9, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn aláìsàn náà jẹ́ ọdún 52. Nínú 100 wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa ti nǹkan bí 45, ṣùgbọ́n ti àwọn tí iṣan ọkàn wọn dí kò pé 8. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18 nínú 100 tí ó ti kú.

Ní tòsí wa, ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, a ka àwọn aláìsàn 452 tí àárẹ̀ ọkàn gbé wá ní 2009 sí 2010. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa ti nǹkan bí 79 nínú 100.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ọdún 52 jẹ́. Ẹni náà ṣì ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, ó ṣì ń san owó ilé, ó sì lè jẹ́ pé òun ni àwọn òbí rẹ̀ ń wò. Ọjọ́ tí ó bá dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ilé odindi ni ó dùbúlẹ̀.

III. ÌDÍ RẸ̀ TÍ A FI Ń PẸ́ DÉBẸ̀

Ìdí kìíní ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ké. Kì í sábà dun ni, kì í sì í dí oúnjẹ lọ́wọ́. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú gbogbo àwọn tí ó ní i láyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí kò mọ̀ pé àwọn ní i. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akinkugbe, ọmọ Oǹdó tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn, tí ó sì kú ní 2020, ni ó ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀ràn náà jákèjádò Nàìjíríà. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997, wọ́n ṣírò pé ó lé ní mílíọ̀nù 4 ènìyàn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àní pẹ̀lú òṣùwọ̀n 160 lórí 95, èyí tí ó ga ju 140 lórí 90 tí a ń lò nísinsìnyí. Lóde òní, a ń ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́ta.

Ìdí kejì ni irú ìgbé ayé wa. Láti 1926 tí a ti ṣí èbúté Àpápá ni àwọn ènìyàn ti ń wá iṣẹ́ wá síbẹ̀, tí wọ́n sì ń wá ilé sí Ajégúnlẹ̀. Awakọ̀ akẹ́rù a máa jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, akọ̀wé a máa jẹun lẹ́bàá ọ̀nà, oorun òru kò sì tó. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn 2,118 tí ẹ̀gbà kọlù ní Nàìjíríà àti Gánà wé àwọn 2,118 tí kò kọlù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ga jù lọ nínú ohun tí wọ́n rí. Wọ́n tún rí iyọ̀ tí a ń bù sí oúnjẹ lórí tábìlì, ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, ikùn ńlá, àìjẹ ẹ̀fọ́, sìgá, àìrìn, àti ìdààmú ọkàn.

Ìdí kẹta ni owó. Púpọ̀ nínú wa ni ó ń fi owó àpò ara rẹ̀ san gbogbo ìtọ́jú, nítorí náà a máa ń sọ pé kí a fara dà á ná. Òfin ti 2022 sọ ọ́ di dandan kí olúkúlùkù wà nínú ètò adójútòfò ìlera, ìjọba Èkó sì ní tirẹ̀ tí a ń pè ní Ìlera Èkó. Kí ẹni tí kò tíì wọlé lọ béèrè, kí ó má ṣe dúró di ọjọ́ àìsàn.

IV. WÍWỌ̀N ÀTI ÌTỌ́JÚ

Kékeré ni a ti í pa ẹkàn ìròkò. Láti 1896 ni Scipione Riva-Rocci ti ilẹ̀ Ítálì ti fi ọ̀já tí a ń dì mọ́ apá han ayé, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti lò ó. Kí ẹni tí a fẹ́ wọ̀n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó ti tọ̀, kí ó fi ẹ̀yìn ti àga, kí ó gbé apá sí ọ̀gangan ọkàn, kí ó má sì sọ̀rọ̀. Kí ó má ṣe jẹ obì tàbí mu kọfí ní ààbọ̀ wákàtí tí ó ṣáájú. Bí nọ́ńbà náà bá pé 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó lọ rí oníṣègùn.

Ní ti iyọ̀, kí gbogbo èyí tí ẹnì kan ń jẹ lóòjọ́ má ṣe ju ṣíbí tíì kékeré kan lọ, kí a sì ka ti magí, búrẹ́dì àti índómì mọ́ ọn. Ní ti oògùn, àṣìṣe tí ó pọ̀ jù ni pé ara ẹni a yá, a sì dá oògùn dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni í lé ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé rẹ̀ lọ nítorí pé olè kò wá ní ọdún yìí? Oògùn náà ni ó mú kí ara yá. Bí ó bá ń ṣe ibi lára, oníṣègùn ni yóò pààrọ̀ rẹ̀.

V. ÀMÌ TÍ KÒ GBA ÌDÚRÓ

Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá ń wú, tí kò lè sùn bí kò ṣe pé ó fi ìrọ̀rí méjì mẹ́ta gbé àyà rẹ̀ sókè, tí ikọ́ ń jí i lóru, tí ó sì ń mí hẹlẹ bí ó bá rìn díẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà. Kí obìnrin tí ó bímọ láàárín oṣù márùn-ún má ṣe rò pé ìrora ọmọ bíbí lásán ni èyí, nítorí àìsàn ọkàn kan wà tí ń bá abiyamọ. Bákan náà, bí àyà bá wúwo tí ó sì ń dun ni bí ẹni pé a gbé òkúta lé e, kí a má ṣe jókòó máa pè é ní inú kíkún.

Bí ẹnu ẹnì kan bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ẹ̀gbà ni kí a kọ́kọ́ rò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó dí iṣan ọpọlọ, oògùn wà tí ó lè tú u, ṣùgbọ́n kò wúlò ju wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lọ. Kí a kọ àkókò tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Kí a má ṣe fún un ní oúnjẹ tàbí omi, kí ó má baà gbà á lọ́fun. Àwọn kan a máa sọ pé ọ̀tá ni ó ta á lọ́fà, wọn a sì gbé e kiri láti ojúbọ dé ilé àdúrà títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwa kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun àdúrà. Ẹ gbà á nínú ọkọ̀ bí ẹ ti ń lọ.

Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Àpápá, Ajéròmi sì ni ti Ajégúnlẹ̀. Bí ọ̀ràn bá le ju wọn lọ, a lè gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà. Gbogbo wa mọ bí ọkọ̀ ti í dí ojú ọ̀nà wa. Nítorí náà, kí olúkúlùkù ilé ti mọ̀ ṣáájú ọ̀nà tí wọn yóò gbà, ẹni tí ó ní ọkọ̀, àti ibi tí ìwé oògùn bàbá tàbí ìyá wà.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ

1. Èéṣe tí ọkàn ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru fi ń nípọn, tí ó sì ń rẹ̀ lẹ́yìn náà?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn aláìsàn ọkàn ti ilẹ̀ Yúróòpù àti ti ilẹ̀ wa?
3. Dárúkọ ohun mẹ́rin tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí a tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.
4. Bí ẹ̀gbà bá kọlu ẹnì kan nínú ilé rẹ lóru òní, ta ni ìwọ yóò pè, ọ̀nà wo ni ẹ ó sì gbà?
5. Nígbà wo ni a wọn tìrẹ gbẹ̀yìn, nọ́ńbà wo ni a sì rí?